Ọjọ́ Tí Títí Sọnù Lásìkò Oorun Ọ̀sán

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga ilé ìdáná wa ní Dagenham, mo rò pé ibi méjì péré ni èèyàn lè lọ lo ọlidé láyé yìí: Nàìjíríà, tàbí ilé àbúrò Mọ́mì ní Peckham. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yìí, ẹ ó rántí bó ṣe rí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ọlidé, àwọn ọmọ òyìnbó kíláàsì wa á máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àti etíkun, àwa á máa sọ̀rọ̀ Parsloes Park. Ibẹ̀ la ti ń sáré, ibẹ̀ la ti ń ṣubú tí orúnkún wa ń bó, ibẹ̀ náà ni Mọ́mì ti ń ṣí kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lórí koríko, tí àwọn ẹyẹlé á sì yí wa ká bí ẹbí tí a kò pè.

Ilé wa kò tóbi. Èmi, Títí àbúrò mi, àti Màmá la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Màmá ni ìyá tó bí Dádì, láti Ìjẹ̀bú ló ti wá bá wọn tọ́ wa. Dádì ń wa bọ́ọ̀sì. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ní River Road, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì ẹlẹ́ran sínú ike. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wa á wọ sùtánà funfun, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, a ó sì to bàtà wa sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni ibi tí èèyàn bá ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. N kì í fẹ́ràn rẹ̀ lásìkò òtútù. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń háyà máa ń tutù wọ eegun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó ti dé, ẹ kàn wo bàtà ẹnu ọ̀nà ni. Bàtà kì í parọ́.

Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ọlidé wa ṣe ni obìnrin ará Gíríìsì kan tó ń bá Mọ́mì ṣiṣẹ́. Eleni ni orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wa, tí Mọ́mì dárúkọ rẹ̀ fún Màmá, Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹlẹ́ní? Ẹní wo ló ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mọ́mì túmọ̀ rẹ̀ fún un pé ẹni tó ń ta ẹní ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Áńtí Ẹlẹ́ní la ń pè é, kò sì yéé dáhùn.

Ìyá Áńtí Ẹlẹ́ní ti kú, ó sì fi ilé kékeré kan sílẹ̀ fún un ní abúlé kan lórí erékùṣù ní Gíríìsì. Ó ní aláǹgbá nìkan ló ń gbé ibẹ̀, ó ní kí a wá lò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dádì kọ́kọ́ kọ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ lọ, ìtìjú ló ń bà á lẹ́rù. Dádì ni irú èèyàn tí kì í jókòó nílé onílé àfi bí wọ́n bá ní kó jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àlejò tí kò bá mọ ìwà ìlú, àbùkù ló ń bọ̀ wá kó jẹ." Áńtí Ẹlẹ́ní gbá tábìlì, ó ní, "Ṣé ìwà lásán ni? Màá kọ́ yín!"

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná wa ṣe di ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, á wá, Mọ́mì á gbé mọ́ínmọ́ín sí i níwájú, á máa jẹ, á máa kọ́ wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Mọ́mì á sì máa túmọ̀ fún Màmá. Ó ní ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ kí èèyàn bí ẹ bá wọ àdúgbò, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ kò rí rí. Inú Màmá dùn. Láti ìgbà tó ti dé Dagenham ló ti ń kí àwọn aládùúgbò tí wọn kì í dáhùn. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bí ayé ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dìde lórí àga ni pé, ní èdè wọn, bí èèyàn bá kí ẹgbẹ́ rẹ̀, "yásù" ni, bó bá kí àgbàlagbà, "yásàs" ni, bí ẹni tó ń kí ọ̀pọ̀ èèyàn. Màmá pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ní 'ẹ'! Fọláṣadé, ṣé o gbọ́? Òyìnbó tó ní 'ẹ'!" Mọ́mì ló ń jẹ́ Fọláṣadé. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá ti fọwọ́ sí ìrìn àjò náà.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ èmi àti Títí jù ni pé a kò gbọdọ̀ kọ oúnjẹ. Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí wọ́n bá gbé bísíkíìtì síwájú wa nílé onílé, ojú Mọ́mì la ó kọ́kọ́ wò. Bí ojú náà bá fẹ̀ díẹ̀ báyìí, "Ẹ ṣé mà, a ti yó" la ó sọ, tí ikùn wa yóò sì máa kùn. Áńtí Ẹlẹ́ní wá ń sọ pé lábúlé tiwọn, ẹni tó bá kọ oúnjẹ ló kọ onílé. Wọ́n á gbé èso tí wọ́n fi ṣúgà sè títí tó fi ki bí oyin wá, nínú àwo kékeré pẹ̀lú ṣíbí kan àti omi tútù. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ mu omi, ẹ dúpẹ́. Títí wo Mọ́mì, Mọ́mì wo àjà.

Àwọn mìíràn tún wà. Omi kò pọ̀ lórí erékùṣù náà, nítorí náà kí a má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣàn nígbà tí a bá ń fọyín. Kí a má ju tíṣù sínú ilé ìyàgbẹ́, àfi sínú garawa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé páìpù wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Dádì kò fẹ́ kí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí mọ́ínmọ́ín, ó dìde lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ó padà nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń sun tùràrí, wọ́n ń tan àbẹ́là, a gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún. Dádì ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàtà ńkọ́?" Áńtí Ẹlẹ́ní ní, "Ẹ wọ̀ ọ́ wọlé." Dádì ya ẹnu. "Nínú ilé Ọlọ́run?"

Ó tún kì wá nílọ̀ nípa ọwọ́. Kí a má ya àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnikẹ́ni lójú, ìka márààrún kalẹ̀, torí èébú ńlá ni. Ìyẹn kò ṣòro fún wa. Wàká ni, ọ̀kan náà tí àwọn ọmọdé fi ń bú ìyá ara wọn nílé, tí wọ́n fi ń gba ìgbátí. Bí wọ́n bá sì gbé àgbọ̀n sókè tí wọ́n pòṣé, wọn kò bú wa, "rárá" ni wọ́n ń sọ. "Rárá" gan-an ni "óhi", "bẹ́ẹ̀ ni" sì ni "nẹ́". Dádì ní àwọn wọ̀nyí ti dorí èdè kodò.

Ṣùgbọ́n èyí tó tẹnu mọ́ jù ni oorun ọ̀sán. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí oòrùn sì mú, gbogbo abúlé ló ń sùn títí ooru á fi rọlẹ̀. Kí a má kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kí a má gbá bọ́ọ̀lù. Kí a má pe ara wa láti òkèèrè. Bí ẹ bá wo ojú Dádì lọ́jọ́ náà, ẹ ó mọ̀ pé òfin yìí ni yóò fi dè wá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tí wàhálà físà Màmá parí, a lọ. Ọkọ̀ òfuurufú dùn, ọkọ̀ ojú omi kò dùn. Títí bì sára Dádì. Ọ̀gá Áńtí Ẹlẹ́ní kò tètè fún un láyè níbi iṣẹ́, ó ní òun máa tẹ̀ lé wa. Ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ apẹja ló pàdé wa létíkun, ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó sì gba ojú omi tirẹ̀ lọ.

Mo ṣì lè fojú inú rí abúlé náà. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, ilé funfun lórí ilé funfun, kò sí ọ̀nà mọ́tò, àtẹ̀gùn òkúta ni gbogbo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń rùn fún iyọ̀, ewé gbígbẹ àti ẹja yíyan. Òdòdó aláwọ̀ osùn gun ògiri bí ìtàkùn ẹ̀gúsí. Àwa wá ń gòkè, Màmá níwájú pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ó ń kí gbogbo ohun tó ń mí. "Yásàs! Yásàs o!" Àwọn bàbá tó jókòó síwájú ilé kọfí dáhùn bí ìgbà tí akọrin bá gba ègbè. Mo rí i tí èjìká Dádì wálẹ̀ díẹ̀.

Nítòsí ilé wa ni ilé àdúrà kékeré kan wà, tí kò ju yàrá kan lọ, funfun, òrùlé rẹ̀ pupa. Ẹni tó ń gbá a ni ìyá arúgbó opó kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu wa, Màmá bá sọ ọ́ ní Ìyá Aláṣọ Dúdú. Òun ló kọ́kọ́ fún wa ní èso inú ṣúgà náà, ọsàn kíkan ni, ó sì dùn débi pé Títí fi ìka lá àwo. Nígbàkígbà tí ìyá náà bá rí Títí, á sọ pé ọmọ náà lẹ́wà, á sì ṣe "tù, tù, tù" bí ẹni tó ń tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Áńtí Ẹlẹ́ní ti sọ fún wa pé nítorí ojú burúkú ni. Dádì kò fẹ́ràn rẹ̀. Màmá ní, "Jẹ́ kó tu ú jàre. Ojú burúkú ò mọ dúdú, kò mọ funfun."

Ọjọ́ mélòó kan sí i, a ti jẹ ìrẹsì àti ẹja, gbogbo wa dùbúlẹ̀. Àárín Mọ́mì àti Màmá ni Títí wà. Ooru náà wúwo bí aṣọ òtútù. Fèrèsé onípákó wà ní títì, Dádì ń hanrun, n kò mọ ìgbà tí mo sùn lọ. Ohùn Mọ́mì ló jí mi. Kò pariwo. Ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Títí dà? Títí dà?" Àyè tí ọmọ náà sùn sí ṣófo. Ilẹ̀kùn àgbàlá ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìdílé Yorùbá kan tó ń wá ọmọ tó sọnù láìgbóhùn sókè. A ń lọ láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn, a ń fi ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn pẹpẹ pe ọmọ. "Títí o. Títílayọ̀ o." Nígbà tí ohùn Mọ́mì fẹ́ ròkè, Dádì fi ìka sẹ́nu: "Rọra, rọra, wọ́n ń sùn." Kò sí eku, kò sí ẹyẹ. Àwọn ológbò gan-an ń sùn lábẹ́ òjìji.

A dé iwájú ilé àdúrà. Mọ́mì fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Dádì wo ẹnu ọ̀nà, ó mi orí. "Kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé kò sí bàtà ni?" Gbogbo wa wolẹ̀. Lóòótọ́, kò sí bàtà. Ọmọ wa kò lè wọ ilé Ọlọ́run kó má bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó jiyàn. A kọjá.

Ìyá Aláṣọ Dúdú kò sùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mọ́mì sáré sí i, ó na ọwọ́ sí ìdí láti fi gíga Títí hàn, ó fi ọwọ́ ṣe irun dídì, ó ní, "Títí? Títí?" Ìyá náà ní, "Nẹ́! Nẹ́, nẹ́!" Ó yí padà kíákíá, ó wọlé, aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà sì wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́mì kọjú sí wa. "Ó ní nó. Ó ti wọlé lọ." Gbogbo ohun tí a kọ́ nídìí mọ́ínmọ́ín ti fò lọ. Etí tí a fi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì la fi gbọ́ ọ.

Ibi tó kù kò ju ìsàlẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé etíkun, omi náà tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán, kò sí èèyàn kan ṣoṣo níbẹ̀. Mọ́mì di aṣọ àyà Dádì mú. Mo rántí pé mo ń wo ẹsẹ̀ mi nínú yanrìn, n kò fẹ́ gbé ojú sókè, nítorí bí mo bá gbé e sókè, mo lè rí nǹkan.

Màmá ló já òfin náà. Ó ṣí gèlè lórí, ó dì í mọ́ ìdí, ó kọjú sí òkè tí abúlé wà, ó sì ké bí ìgbà tí iná bá ń jó oko. "Ẹ̀yin ará ibí o! Ẹ dìde o! Ẹ gbà wá o! Ọmọ wa sọnù o!"

Dádì di orí mú. Fèrèsé kan ṣí. Èkejì ṣí. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà fi ń ṣí pàà, pàà, pàà. Àwọn ọkùnrin ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin pẹ̀lú aṣọ oorun, ẹnì kan wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ń dúró de ìbínú lójú wọn. N kò rí i. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú igbe tí í ṣe.

Bàbá tó ni ilé kọfí súnmọ́ Mọ́mì, ó bi í léèrè nǹkan, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Mọ́mì mọ̀ pé ọjọ́ orí ọmọ ló ń béèrè. Títí jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Mọ́mì bá na ọwọ́ síwájú bàbá náà, àtẹ́lẹwọ́ ní yíyà, ìka márààrún kalẹ̀, lójú ẹ̀ koroboto. Bàbá fà sẹ́yìn. Lójú ẹsẹ̀ ni Mọ́mì rántí, ó fi ọwọ́ kan náà bo ẹnu, ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Márùn-ún ni, márùn-ún ni mo fẹ́ sọ."

Bàbá náà gbé e dìde. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí i padà kí ẹ̀yìn ọwọ́ lè kọjú sí òun, ó ka àwọn ìka náà níkọ̀ọ̀kan. Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó pariwo iye ọdún náà ní èdè wọn. Gbogbo wọn tú ká. Àwọn kan ti ọkọ̀ ojú omi wọn sómi, àwọn kan gba ẹ̀yìn òkè lọ. Orúkọ àbúrò mi ń dún káàkiri erékùṣù náà, "Tití! Tití!", pẹ̀lú ohùn àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìgbà náà la rí Ìyá Aláṣọ Dúdú tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀pá ìtilẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bú wa bó ṣe ń bọ̀, ó dá mi lójú pé èébú ni. Ọwọ́ kejì rẹ̀ ló gbé sókè. Bàtà pupa Títí ló wà níbẹ̀.

Mọ́mì wo bàtà, ó wo òkun, ó bú sẹ́kún. Màmá gbá a mú. Ìyá náà ń sọ̀rọ̀, ó ń tọ́ka sókè, kò sí èyí tó yé wa, ẹkún Mọ́mì sì ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ju ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ Dádì mú bí ìyá tó ń fa ọmọ tó ya pòkíì jáde nínú ẹrẹ̀, ó sì fà á gun àtẹ̀gùn. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Iwájú ilé àdúrà náà ló fà á dé, ó ti ilẹ̀kùn.

Títí wà nílẹ̀ lórí ẹní kékeré, níwájú àwọn àwòrán oníwúrà, ó ká orúnkún, àtàǹpàkò wà lẹ́nu rẹ̀, ó sùn fọnfọn. Igbe Màmá kò jí i. Orúkọ rẹ̀ tí gbogbo erékùṣù ń pè kò jí i.

Dádì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lọ gbé ọmọ rẹ̀. Ìyá Aláṣọ Dúdú wo bàtà Dádì nílẹ̀. Ó wo bàtà pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá iwájú orí. Nǹkan ti yé e, ó sì yé àwa náà. Nígbà tó rí bàtà ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn gbígbóná, kò mọ̀ pé ẹni tó ni ín wà nínú ilé, ta ló ń bọ́ bàtà kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ tiwọn? Ó rò pé ọmọ náà gbàgbé rẹ̀ ni, ó gbé e wọlé kí oòrùn má bàa bà á jẹ́. Nígbà tí Mọ́mì béèrè, "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" ló dáhùn, ó sì wọlé lọ mú bàtà náà wá. Ìgbà tó jáde, a ti lọ. Ibẹ̀ ló ti wá wo inú ilé àdúrà wò, tó rí ẹni tó ń sùn.

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ìyá náà jókòó tì í, òun náà ń ṣe bákan náà. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹni. N kò tíì mọ̀ títí di òní ohun tó dùn tó ìmí tí mo mí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Títí jí, ó ní ooru ló ń mú òun, inú ibẹ̀ sì tutù. Ọ̀rọ̀ tán. Mọ́mì gbé sílípáàsì, ìyá arúgbó náà bọ́ sí àárín wọn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mọ́mì kò lè na ọmọ níwájú ẹni tó bá a rí i. Ló bá ní kí Títí kúnlẹ̀ ní àgbàlá, kó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, kó fojú kọ ògiri. Ẹ mọ ìyà yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti ń gbé nǹkan wá fún wa, bàrà olómi pupa, wàràkàṣì, ẹyin. Bí wọ́n bá ti rí ọmọ tó kúnlẹ̀ tó gbọ́wọ́ sókè lẹ́yìn tí Ọlọ́run yọ ọ́, wọ́n á rò pé ọpẹ́ ló ń dú, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n á dúró tì í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Dádì fara dà á díẹ̀, ó ní, "Títí, dìde jọ̀ọ́, kí wọ́n tó sọ ẹ́ di ẹni mímọ́."

Áńtí Ẹlẹ́ní bá ọkọ̀ ojú omi tó dé lẹ́yìn náà wá. Ó kọ́kọ́ bá wa jà lórí "nẹ́". Lẹ́yìn náà Dádì mú un lọ sí ilé kọfí, ó wọ agbádá, ó fẹ́ kó bá òun bẹ bàbá náà nítorí ariwo àti nítorí ọwọ́ tí Mọ́mì nà sí i lójú. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó gbé kọfí síwájú rẹ̀, ó fèsì ní gbólóhùn kan. Áńtí Ẹlẹ́ní túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní oorun ọ̀sán wà lójoojúmọ́."

Màmá ti lọ sinmi. Dádì ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbin tòmátì lẹ́yìn ilé. Títí ti di nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò jí nígbà tí gbogbo erékùṣù ń pè é, ìró bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan báyìí ló ń jí i. Èmi kò kúrò ládùúgbò, ìtòsí Valence Park ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi méjì. Áńtí Ẹlẹ́ní ti padà sílé ìyá rẹ̀ pátápátá, ọdọọdún la sì ń lọ kí i. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ lọ sí irú ibẹ̀ máa ń bi mí ní ohun tí wọ́n máa mú dání. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra páálí ohun dídùn kan kí wọ́n tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n mú ìborùn tó lè bo èjìká, kí wọ́n kọ́kọ́ kí èèyàn, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá fún wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí onílé sùn lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, mo ní kí wọ́n ké.

Ayé ti yàtọ̀. Nígbà náà, ẹnu Áńtí Ẹlẹ́ní nìkan la ní. Lónìí, fóònù àwọn ọmọ mi ló ń túmọ̀ Gíríìkì kí n tó la ẹnu. Nígbà náà, gbogbo abúlé ló wá ọmọ kan. Lónìí, bí àwọn tèmi bá jáde, mo ń rí wọn lójú fóònù mi, àmì kékeré méjì tó ń rìn bọ̀ láti ibùdókọ̀ Barking. Mo mọ òpópónà tí wọ́n wà. Mo mọ ìgbà tí wọ́n yà sí ilé ìtajà ra ànàmọ́ díndín. Síbẹ̀, ìdí ìkòkò ni mo máa ń dúró sí, tí n kò ní ro ọbẹ̀, tí n kò ní jókòó, àfi ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Mọ́mì, a ti dé o!"